Ariwo Tó Ń Kùn Nínú Géèmù Bọ̀dá Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Mo ṣí ẹ̀rọ géèmù Bọ̀dá mi lórí tábìlì iṣẹ́ lónìí, mo wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì yára fi ìdérí rẹ̀ bò ó padà. Mo ní kí n kọ́kọ́ mí ná. Ó pẹ́ tí mo ti ń tún redíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, n kò rí irú èyí rí. Gbogbo kápásítọ̀, àwọn agolo kéékèèké tó ń tọ́jú iná, tó wà lójú ọ̀nà ohùn ló ti sun omi, omi náà sì ti jẹ ojú bọ́ọ̀dù títí ó fi di àwọ̀ ewé. Bí mo ṣe fi ayọ́ọ̀nù tí mo fi ń yọ́ òjé kan ọ̀kan báyìí, òórùn ẹja gba ṣọ́ọ̀bù kan. Ọkọ mi tó gbé oúnjẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di imú.

"Ìyá Wáyà, ṣé o ti kúrò nídìí redíò ni? Ẹja lo wá ń tún ṣe?"

Mo ní kó gbé oúnjẹ sílẹ̀ kó máa lọ.

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé àwòrán ṣì ń jáde ketekete. Ohùn nìkan ló lọ. Bọ̀dá ní ó ti ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, kó tó wá dákẹ́ pátápátá lánàá. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí láàárọ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ohùn ẹni tí olè ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé rẹ̀. "Àbúrò, bá mi tún un ṣe. Mo bẹ̀ ọ́." Bọ̀dá mi kì í bẹ èèyàn. Nítorí ohùn géèmù!

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Kò sí oníbàárà kankan.

Àǹtí wa, ẹ̀gbọ́n wa àgbà tó ti ń ṣe ìyá fún wa láti ìgbà tí Màmá ti kú, pè. Ó ní ọ̀rọ̀ ojú Bọ̀dá ti tó gẹ́ẹ́. Nígbà tó lọ kí i kẹ́yìn, Bọ̀dá da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife, ó sì ń dà á lọ. Wọ́n tún ní ó fi èjìká gbá dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ aládùúgbò rẹ̀ já. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú òun lọ sílé ìwòsàn ojú, ó sì ń dá gbé. Àǹtí ní bí ojú náà bá ti lọ, kó kó ẹrù wá sọ́dọ̀ òun, kí àwọn fi ilé rẹ̀ fún ayálégbé.

"Mi ò ní jókòó síbí kí wọ́n wá sọ fún mi pé iná sítóòfù ti jó àbúrò mi."

Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá mú Bọ̀dá kúrò nínú ilé yẹn, wọ́n ti mú un kúrò láyé. Òun ló kọ́ ọ, ó mọ gbogbo bíríkì inú rẹ̀. Ni ẹnu mi bá yá. Mo ní, "Àǹtí, ẹni tó ń gbá géèmù lójoojúmọ́, tó ń fo kòtò, tó ń yẹra fún ẹyẹ, báwo ni kò ṣe ní ríran?"

Àǹtí ní, "Ó dáa. Kó gbá a lójú mi. Màá wá lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún. Tó bá gbá a bí o ṣe wí, mi ò ní sọ̀rọ̀ ilé yẹn mọ́."

Mo pe Bọ̀dá, mo sọ fún un. Ó ní, "Tún ohùn yẹn ṣe." Kò dúpẹ́, kò bú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo lọ ra kápásítọ̀. Nígbà tí oníṣòwò náà dá iye lé e, mo bi í bóyá orí àga ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó sí nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sanwó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo jó ìka mi. N kò ní kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo ti pààrọ̀ gbogbo kápásítọ̀, síbẹ̀ kò dún. Mo gbé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sójú, mo ń tẹ̀ lé ọ̀nà iná kọ̀ọ̀kan lórí bọ́ọ̀dù bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, títí mo fi rí ọ̀kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun tí omi yẹn ti jẹ já. Mo fi fọ́nrán wáyà kan so ó.

Mo ti gbàgbé pé mo ti yí fọ́lúùmù tẹlifíṣọ̀n dé òpin. Bí mo ṣe tan iná báyìí, orin géèmù bú jáde gbàà! Mo ju ẹ̀mú ọwọ́ mi nù. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ mi sá jáde pẹ̀lú aṣọ oníbàárà lọ́rùn, ó ń bi mí bóyá nǹkan ló bẹ́. Mo ní géèmù ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ní ọjọ́ orí yín yìí?"

Inú mi dùn o. Ṣùgbọ́n ariwo kan wà lábẹ́ orin náà tó ń kùn bí oyin inú agolo. Kì í ṣe tuntun, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ yàrá Bọ̀dá ti gbọ́ ọ rí. Mo ní lójú tèmi kọ́. N kò ní dá iṣẹ́ tó ń kùn padà fún ọmọ ìyá mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ti mọ ibi tí ariwo náà ti ń wá. Wáyà ohùn àti wáyà àwòrán ń sùn lára ara wọn lábẹ́ páànù irin. Àwòrán ń jò sínú ohùn. Bí ojú tẹlifíṣọ̀n bá mọ́lẹ̀, ariwo a ga, bó bá ṣókùnkùn, a lọ sílẹ̀. Ẹ gbà mí! Ọdún mélòó ni Bọ̀dá ti ń fara da ìyà yìí láìsọ fún mi?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Bọ̀dá pè lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní ó ti ń dún, mo kàn ń fọ ọ̀fun rẹ̀ ni.

"Má fọ̀ ọ́ jù," ó ní.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo sọ fún ọkọ mi, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ariwo náà ti kú! Mo ya wáyà méjèèjì sọ́tọ̀, mo fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé wáyà ohùn, mo fi kápásítọ̀ kékeré kan dènà fún èyí tó kù. Ọkọ mi fi etí lé sípíkà, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan yàtọ̀ sí orin. Orin náà mọ́ bí awo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo kó ohun tí mo tú jáde dà sínú àpò ìdọ̀tí, agbálẹ̀ sì ti gbé e lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo ní màá gbé e lọ fún un lónìí kó fi múra. Òjò kò jẹ́. Omi dé orúnkún ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ọkọ̀ tó gbà láti lọ apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ eléyìí.

Èmi àti Àǹtí pàdé lẹ́nu géètì. Bọ̀dá ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó fi awò sójú, ó jókòó ṣánṣán lórí àga rẹ̀. Mo so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo tàn án. Orin bẹ̀rẹ̀. Mo ń wo ojú Bọ̀dá, mo ń retí kó yìn mí. Ó tẹ etí sọ́tùn-ún. Ó tẹ̀ ẹ́ sósì.

"Àbúrò, ṣé o ti tàn án dáadáa?"

"Bọ̀dá, ṣebí ó ń kọrin!"

Ó mú páàdì. Ọkùnrin kékeré inú géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó sì já sínú kòtò àkọ́kọ́, kòtò tí ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin yóò fò. Mo rò pé ọwọ́ rẹ̀ ló yọ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún já síbẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà kàn dúró lójú kan ni, ẹyẹ fò wá, ó lù ú, kò tilẹ̀ gbìyànjú láti yẹra. Òógùn bo iwájú orí Bọ̀dá. Orin tí wọ́n fi ń sọ pé eré ti parí dún, ó mọ́ lóló, n kò gbọ́ orin tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ẹnu mi là, n kò lè pa á dé. Mo ti fojú ara mi rí i tí ó ń gbá géèmù yìí dé òpin!

Àǹtí kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní, "Ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀ ni màá mú ọkọ̀ wá." Ó fọwọ́ pa Bọ̀dá lórí bí ọmọdé, ó sì jáde.

Bọ̀dá kò bá a jiyàn. Ó kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó ń pa á lọ, ó ń pa á bọ̀. Mo ní, "Bọ̀dá, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó ní kí n máa lọ sílé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Kò gbé fóònù. N kò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ bá a. Mo jókòó, mo ní n kò ní dìde àfi tó bá sọ fún mi ohun tó ṣe ẹ̀rọ yẹn.

"Níbo lo gbé ariwo yẹn sí?"

"Ariwo wo?"

"Èyí tó ń kùn lábẹ́."

"Mo ti pa á, Bọ̀dá! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi bá a jà."

"Dá a padà."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé wáyà fún un, pé àbùkù ni, pé àwòrán ló ń jò sínú ohùn. Ó fi ọwọ́ lu àga.

"Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé àwòrán ni! Tí o bá mú un kúrò, báwo ni màá ṣe mọ ibi tí kòtò wà?"

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa ni. Mo wo awò ojú rẹ̀, mo wo ojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo rọra gbé ọwọ́ sókè.

"Má ju ọwọ́ sí mi lójú," ó ní. "Mo ń gbọ́ aṣọ rẹ."

Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ ń lọ. Ó ti lọ. Kò rí mi, kò rí ọwọ́ mi, kò rí tẹlifíṣọ̀n, àní kò mọ̀ bóyá iná wà tàbí kò sí àfi tí fíríìjì bá dákẹ́. Awò yẹn, kí a má baà bi í léèrè ló ṣe ń wọ̀ ọ́. Ó ń gbọ́ kòtò bí ariwo bá rẹlẹ̀, ó ń gbọ́ ẹyẹ bó bá ṣẹ́ sókè. Láti ọdún tó ti ń fi etí gbá a, gbogbo wa ń jókòó tì í, a ń pàtẹ́wọ́, à ń sọ pé ojú rẹ̀ mú!

Èmi tí mò ń fi ohùn jẹun. Èmi ni mo ṣí i sílẹ̀ lójú Àǹtí, tí mo sì ń jó nítorí ẹ̀.

Mo sunkún. Ó ní, "Gbẹ́nu sọ́hùn-ún, Ìyá Wáyà. Kò sí ẹni tó kú. Dá ariwo mi padà."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

N kò mọ̀ pé ó rọrùn láti tún nǹkan ṣe ju láti bà á jẹ́ padà bó ṣe wà. Mo tú irin tí mo wé mọ́ wáyà. Mo yọ kápásítọ̀ kékeré yẹn. Mo tún jẹ́ kí wáyà méjèèjì sùn ti ara wọn. Kò kùn. Mo dúró, mo ń wò ó. Ìgbà tí a kò fẹ́ ẹ, ó kún ilé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ó kùn! Mo gbé e lọ tayọ̀tayọ̀. Bọ̀dá gbọ́ ọ díẹ̀, ó mi orí.

"Ariwo iná ilé lèyí. Ohùn kan náà ló ń sọ láti ìgbà tí o ti tàn án. Kò wo nǹkan kan."

Òótọ́ ni. Mo gbé e padà sínú ọkọ̀. Awakọ̀ bi mí bóyá ọmọ mi ló ni géèmù náà. Mo dá a lóhùn pé ẹ̀gbọ́n mi ni, ojú rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù keje

Lónìí mo lọ ṣe iṣẹ́ náà nílé rẹ̀, lórí tábìlì ìjẹun. Mo ń yí wáyà, òun ń gbọ́. "Sún un sí i. Ó ti pọ̀ jù. Padà. Rọra." Gbogbo ìgbésí ayé mi, ojú mítà tó ń wọn iná ni mo ń gbà gbọ́. Mítà kò rí iṣẹ́ kankan ṣe lónìí. Nígbà tí mo lọ́ wáyà méjèèjì mọ́ra bí irun dídì, Bọ̀dá gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró. Má mí."

Ó mú páàdì. Kòtò àkọ́kọ́, ó fò ó. Ìkejì, ó fò ó. Ẹyẹ wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti mọ̀ báyìí, síbẹ̀ ó tún yà mí lẹ́nu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó ní kí èmi náà dijú. Mo dijú. Lákọ̀ọ́kọ́, oyin inú agolo lásán ni. Ó ní, "Fi orin sílẹ̀. Gbọ́ abẹ́ rẹ̀." Ó sì wá ṣẹlẹ̀: ohùn náà fà sílẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń kọjá níwájú ilẹ̀kùn tó ṣí. Mo kígbe, "Kòtò!" Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú yẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

A jà. Mo ní mo fẹ́ sọ fún Àǹtí. Ó ní tí mo bá sọ, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbá a lójú rẹ̀, kí òun borí, kí ọ̀rọ̀ ilé tán.

"Bọ̀dá, n kò lè gbé irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí yín níbí, kí ni màá sọ?"

"Wọ́n á mú mi lọ."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe jẹ́ gan-an. Tí wọ́n bá ṣì mú yín lọ, èmi ni kẹ́ ẹ bú."

Nígbà tí mo ti dé ẹnu ọ̀nà ni mo gbọ́ tó ní, "Kọ ojú tẹlifíṣọ̀n sí ògiri lọ́jọ́ náà."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Àǹtí dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù àti awakọ̀. Mo ti kọ ojú tẹlifíṣọ̀n sí ògiri. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo èmi.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Bọ̀dá ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Àwòrán wà níbẹ̀. Èmi ò nílò ẹ̀."

Àǹtí sanra, àyè ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ó fún ara rẹ̀ mọ́ àárín ògiri àti tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú báàgì lápá, ó ń kùn sínú. Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀. Ó fo kòtò àkọ́kọ́. Ó fo ìkejì. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹni wà ní pápá bọ́ọ̀lù: "Ẹyẹ! Ẹyẹ ń bọ̀ lókè!" Kó tó sọ ọ́ tán, Bọ̀dá ti yẹra. "Ó ti yẹ̀ ẹ́!" Ó fi ọwọ́ gbá ògiri. "Ó ti yẹ̀ ẹ́ o!"

Lójijì, kò pariwo mọ́. Mo rò pé ìgbà yẹn ni ó tó yé e. Ó yọ jáde díẹ̀díẹ̀, eruku bo aṣọ rẹ̀, kò wo géèmù, ojú Bọ̀dá ló ń wò.

"O ò rí nǹkan kan rárá?"

"Rárá, mà."

"Ò ń dáná? Ò ń lọ aṣọ? Nínú ilé yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ tí mo da tíì yẹn, ẹ̀yin lẹ ń bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ ife."

Àǹtí jókòó. Ó ní kí n lọ sọ fún awakọ̀ kó máa lọ. Nígbà tí mo wọlé padà, ó ń sọ fún Bọ̀dá pé kó gé kọ́kọ́rọ́ kan fún òun, pé òun ó máa wọlé nígbà tó bá wu òun, òun ò sì ní kan ilẹ̀kùn. Bọ̀dá ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Ó fi páàdì sílẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Àǹtí wá bi í léèrè ohun tí èmi kò tíì bi í. "Láti ìgbà wo?"

"Oṣù díẹ̀ kí Màmá tó kú."

Mo rí i tí Àǹtí fi ọwọ́ di apá àga mú. "Rárá," ó ní. "Rárá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí pósí, ẹ̀gbẹ́ mi lo dúró sí. O ní Màmá rí bí ẹni tó ń sùn."

"Mo ní láti sọ nǹkan, Àǹtí. Gbogbo èèyàn ló ń sọ nǹkan."

"Èmi ò lè wò ó," Àǹtí ní. "Mo dijú. Ohun tí ìwọ sọ ni mo gbà. Ohun tí ìwọ sọ ni mo fi ń sùn láti ọjọ́ náà!"

Àwọn méjèèjì wá kọ ojú sí mi. Èmi nìkan ni mo rí ojú Màmá nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò sì mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Bọ̀dá ní, "Ìyá Wáyà, báwo ló ṣe rí?"

Mo sọ fún wọn. Kò rí bí ẹni tó ń sùn. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ lápá òsì, wọn kò rí i pa dé, ìpéǹpéjú rẹ̀ kan gbé sókè, bí ìgbà tí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìnkùlé tí ó sì fẹ́ dáhùn. Wọ́n ti di irun rẹ̀, wọ́n dì í dáadáa.

Àǹtí ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.